Sitirọ́bẹ́rì tó ń na ìtàkùn láìso ní Iléṣà: ṣé iná pinki ni kí n rà?

Ìyá Ìbejì Iléṣà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ orí ẹ̀rọ. A ní ilé ọ̀rá kan lẹ́yìn ilé wa lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, mítà 8 ní ìbú, mítà 15 ní òró. Tòmátì là ń gbìn síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àbúrò ọkọ mi tó wà ní Jọ́s ló fi ọmọ sitirọ́bẹ́rì ránṣẹ́ sí wa, ó ní kí a dán an wò. Wọ́n mú dáadáa, ewé wọn tutù yọ̀yọ̀. Ṣùgbọ́n kàkà kí wọ́n yọ òdòdó, ìtàkùn ni wọ́n ń nà kiri ilẹ̀. Ọ̀pá ewé wọn gùn tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń ṣubú lé ara wọn. Èso tó jáde ò tó nǹkan: èjìká rẹ̀ funfun, ìdí rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó sì kan. Àwọn ìbejì tọ́ ọ wò, wọ́n ní kí n bá àwọn fi ṣúgà sí i.

Ẹnì kan tó ń ta irinṣẹ́ oko lórí WhatsApp ní ìmọ́lẹ̀ ni kò tó o. Ó ní kí n ra iná LED aláwọ̀ pinki, kí n máa tàn án láti ìrọ̀lẹ́ títí di agogo méjìlá òru. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Kí n tó ṣí pọ́ọ̀sì, mo ní kí n bi yín.

Oṣómàáló:
Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì ṣí i. Oòrùn tó ń jó wa lágbárí ní Iléṣà yìí náà ni ẹnì kan tún fẹ́ ta ìmọ́lẹ̀ lé lórí? Mo ti lóṣòó síbí, n ò dìde títí àwọn tó mọ̀ ọ́n á fi dáhùn.

Olóko Lágere:
Màámi, ẹ kú ìnáwó. Mo ní ilé ọ̀rá lójú ọ̀nà Ẹdẹ, kùkúńbà àti ata rodo ló wà níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kọ́ ni ìṣòro yín, ooru ni. Ẹ wọ inú ilé ọ̀rá yín ní agogo méjì ọ̀sán. Tí ẹ̀yin fúnra yín ò bá lè dúró níbẹ̀, báwo ni sitirọ́bẹ́rì ṣe fẹ́ dúró? Nẹ́ẹ̀tì dúdú tó ń dá ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún oòrùn dúró ni kí ẹ ta sínú rẹ̀, kó wà níbẹ̀ láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá. Ohun tí mo ṣe fún rodo mi nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ń ráhùn.

Tísà Àgíríìkì:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ. Kí n tó dá sí i, ẹ dá mi lóhùn. Ṣé iná kankan ń tàn wọ inú ilé ọ̀rá yẹn lóru? Ọdún mélòó ni ọ̀rá orí rẹ̀ ti lò, ṣé ẹ sì máa ń fọ̀ ọ́? Igi wo ló wà nítòsí? Irú sitirọ́bẹ́rì wo ni? Ẹ má dá ẹnikẹ́ni lówó títí ẹ ó fi dáhùn.

Ìyá Ìbejì Iléṣà:
Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Iná ọ̀gbà aládùúgbò wa máa ń tàn láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́ nígbàkúùgbà tí iná bá wà, ó sì ń yọ wọ inú ilé ọ̀rá láti apá ìlà-oòrùn. Ọ̀rá náà ti lo bí ọdún mẹ́ta, òjò nìkan ló ń fọ̀ ọ́. Tí mo bá gbójú sókè báyìí, ó ti dà bí omi ẹ̀kọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wà lápá ìwọ̀-oòrùn, ó ti ga ju ilé ọ̀rá lọ. Àbúrò ọkọ mi ní Camarosa ni wọ́n pè é nígbà tí òun rà á.

Tísà Àgíríìkì:
Ó dáa. Ẹ jókòó dáadáa, mi ò ní yára.

Iná òru ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Camarosa wà lára àwọn tó jẹ́ pé ìgbà tí ọjọ́ bá kúrú ni wọ́n ń yọ òdòdó. Ohun tí igi náà ń kà gan-an ni gígùn òru. Èròjà kan wà nínú ewé tí wọ́n ń pè ní phytochrome. Ìmọ́lẹ̀ pupa ló ń jí i, òkùnkùn a sì máa dá a padà sóorun díẹ̀díẹ̀. Harry Borthwick àti Sterling Hendricks pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló tú àṣírí yìí ní Beltsville, Amẹ́ríkà, láàárín àwọn ọdún 1950. Wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ pupa sí hóró létíùsì, ó hù. Wọ́n tan far-red, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tó wà lẹ́yìn pupa, tẹ̀lé e, kò hù mọ́. Bí wọ́n bá ń pààrọ̀ wọn léraléra, èyí tí wọ́n bá tàn kẹ́yìn ni hóró náà ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Èròjà kan náà yìí ni sitirọ́bẹ́rì fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú.

Níbi tí a wà yìí, bíi díígírì 7 àti ààbọ̀ sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, ọ̀sán wa tó gùn jù kì í kọjá nǹkan bíi wákàtí 12 àti ààbọ̀. Camarosa ò bèèrè ju kí ọ̀sán má tó wákàtí 14. Ọlọ́run ti fún wa ní ìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Iná aládùúgbò ló ń ba òru jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Tí ẹ bá wá ra iná pinki, tí ẹ ń tàn án títí di ọ̀gànjọ́, ẹ ti sọ ọjọ́ di wákàtí 18 nìyẹn: ewé àti ìtàkùn lẹ ó máa kó. Ẹni tó fẹ́ tà á fún yín, bóyá ẹ̀fọ́ ló ń rò lọ́kàn. Fún ẹni tó ń gbin létíùsì tàbí ẹni tó ń fẹ́ ọmọ ìtàkùn láti tà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè wúlò.

Ti àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ wá kàn. Oòrùn tí a ń rí ní funfun yìí, àkópọ̀ àwọ̀ ni, ẹni tó bá ti rí òṣùmàrè ti rí i. Búlúù ló ń mú kí igi kúrú kó sì ki, ó ń ṣí àwọn ihò tí ewé fi ń mí, ó sì ń fi kún pípọ́n èso. Pupa ló dára jù fún kí ewé fi ṣe oúnjẹ. Àwọ̀ ewé tí àwọn kan ń sọ pé igi ò lò, irọ́ ni, igi ń lò ó. Keith McCree ti wọ̀n ọ́n lára oríṣiríṣi ọ̀gbìn, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1972. Ó tiẹ̀ máa ń wọ inú ewé jìn ju àwọn tó kù lọ. Ìdí tí iná ọjà fi ń jẹ́ pinki ni pé gílóòbù pupa àti búlúù ni wọ́n kó pọ̀. Kì í ṣe pé igi kórìíra funfun.

Far-red ló kù, òun ló sì kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín. Ojú wa ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i, ẹ̀yìn pupa ló wà. Ewé máa ń gbé pupa àti búlúù mì, á jẹ́ kí far-red kọjá. Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀ tó bá ti gba inú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọjá ní ìrọ̀lẹ́, far-red ló kún inú rẹ̀. Sitirọ́bẹ́rì á gbà pé igi mìíràn ti bo òun, á bẹ̀rẹ̀ sí í na ọ̀pá ewé kó lè yọrí síta. Ọ̀pá gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ rí yẹn, apá kan ẹjọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn ọ̀gẹ̀dẹ̀. Apá kejì, ọ̀rẹ́ mi Olóko ti sọ ọ́: ooru.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Jọ́s:
Bàbá, ẹ kú àlàyé. Jọ́s ni mò ń gbé, mo sì mọ Chaha ní Vom níbi tí wọ́n ti ń gbin sitirọ́bẹ́rì. Gbalasa ni, oòrùn ń pa á tààrà. Kò sí iná pinki níbẹ̀.

Ohun tó ya wá sọ́tọ̀ ni òru. Jọ́s fi bíi mítà 1,200 ga ju òkun lọ, Iléṣà ò tó ìdajì rẹ̀. Bí èèyàn bá ṣe ń gòkè, mítà 1,000 kọ̀ọ̀kan, ìgbóná á máa fi bíi díígírì 6 dín. Sitirọ́bẹ́rì fẹ́ ọ̀sán díígírì 18 sí 24, òru 10 sí 15. Oúnjẹ tí ewé fi ìmọ́lẹ̀ sè lọ́sàn-án, inú òru tútù ló ti ń rọra gbé e fún èso. Tí òru bá gbóná, igi á fi ṣúgà náà mí dànù, èso á tún sáré pọ́n kó tó kún. Ohun tó fà á tí tiyín fi kéré tó sì kan nìyẹn, kódà ká ní ìmọ́lẹ̀ tó. Èjìká funfun náà, ooru wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi: ẹ gbin ọmọ tuntun ní oṣù Kẹwàá sí Kọkànlá, kí ọyẹ́ lè bá wọn lórí òdòdó. Oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì nìkan ni òru tiyín ń súnmọ́ tiwa. Tí ẹ bá sì tún fẹ́ ra irú mìíràn, ẹ bèèrè Albion tàbí San Andreas. Yunifásítì California ló mú wọn jáde, gígùn ọjọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ kàn wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ooru náà ò kàn wọ́n o. Tó bá ti ń kọjá díígírì 30 lójoojúmọ́, àwọn náà á dáwọ́ òdòdó dúró.

Oṣómàáló:
Ṣé kí Ìyá Ìbejì wá lọ ra òkè ni?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Jọ́s:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Òkè Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ò ga tó tibí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ilẹ̀ lókè níbẹ̀ á jèrè díẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀gbìn:
Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ iléèwé ni mí ní OAU. Ẹ jẹ́ kí n fi bí a ṣe ń wọn ìmọ́lẹ̀ kún un, torí ojú lásán ni gbogbo wa fi ń wò ó, ojú sì máa ń tètè bá ìmọ́lẹ̀ mu. Inú ilé tí a rò pé ó mọ́lẹ̀, igi lè máa fi ebi sùn níbẹ̀.

Ẹ gba áàpù tó ń ka lux sórí fóònù. Ẹ gbé fóònù lélẹ̀ gbalaja níbi tí ewé ga dé, kí ojú rẹ̀ kọ òkè, kí òjìji yín má bọ́ sí i. Iye tí ẹ bá kà, ẹ fi 54 pín in. Ohun tó kù ni iye ìmọ́lẹ̀ tí igi lè lò, tí a ń kọ ní µmol fún mítà onígun mẹ́rin ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Oòrùn ọ̀sán gangan níta lè tó 2,000. Ewé sitirọ́bẹ́rì tó bá ti rí 800 sí 1,000, èyí tó kù ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é láǹfààní mọ́, ooru ni yóò dà.

Ká sọ pé fóònù ka 40,000 fún yín lọ́sàn-án gangan nínú ilé ọ̀rá. Ẹ pín in, bíi 740 ni. Láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run mọ́, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe ìpíndọ́gba. Wákàtí 12 oòrùn á fún yín ní nǹkan bíi mol 21 lórí mítà onígun mẹ́rin kan lọ́jọ́ kan (µmol mílíọ̀nù kan ni mol kan). Sitirọ́bẹ́rì tó máa so dáadáa fẹ́ 17 sí 20 lọ sókè. Tó bá ti ń lọ sí ìsàlẹ̀ 12, ewé lásán lẹ ń tọ́. Tí òjò bá ṣú ní oṣù Keje sí Kẹsàn-án, tí ìpíndọ́gba ọjọ́ bá wá sí 200 péré, kò ní pé 9. Nítorí náà mo bẹ ẹ̀gbọ́n Olóko: nẹ́ẹ̀tì ìdá àádọ́ta ní oṣù Kẹjọ, ìyà ni fún èso.

Ẹ má fi áàpù yìí wọn iná pinki o. Lux ń ka ohun tí ojú èèyàn rí, ojú èèyàn sì fẹ́ràn àwọ̀ ewé jù. Ìṣirò 54 yìí, oòrùn nìkan ló bá mu.

Olóko Lágere:
Ọmọ iléèwé, o ti borí ní ti oṣù Kẹjọ. N ó máa ká a nígbà òjò. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejì sí Kẹrin, ẹni tó bá ká nẹ́ẹ̀tì kúrò á rí i bí etí ewé ṣe ń jó gbẹ, á sì rí èso tí oòrùn sè ní ẹ̀gbẹ́ kan. Lórí ìyẹn, n ò yí ohùn padà.

Tísà Àgíríìkì:
Kò sẹ́ni tó ní kí o yí i padà, Olóko. Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí ọ ni ibi tí o ta á sí àti wákàtí tí o fi ń lò ó. Nẹ́ẹ̀tì dúdú tí a ta sínú ilé, abẹ́ ọ̀rá, máa ń gba oòrùn sára, á wá tú ooru náà sórí igi. Òde ni kó wà, lókè ọ̀rá, kí atẹ́gùn lè gba àárín wọn. Tí èèyàn bá rí funfun tàbí èyí tó ń dán bíi fàdákà rà, ó sàn ju dúdú lọ torí ó ń dá oòrùn padà. Ìdá ọgbọ̀n sí ogójì ti tó. Agogo mọ́kànlá sí mẹ́ta ọ̀sán ni kí a tẹ́ ẹ, kí a ká a lẹ́yìn náà. Oòrùn òwúrọ̀ ni sitirọ́bẹ́rì ń fi jẹun dáadáa jù nínú ooru wa yìí, nígbà tí inú ilé ò tíì gbóná. Ẹni tó bá fi nẹ́ẹ̀tì bò ó ní agogo mẹ́jọ ti gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ sá fún ọ̀rá tàbí páànù rọ́bà aláwọ̀ ewé àti èyí tó búlúù, tí àwọn kan ń fi ṣe òrùlé torí ó rẹwà. Òrùlé aláwọ̀ ewé ń jẹ́ kí àwọ̀ ewé wọlé, ó ń dá púpọ̀ nínú pupa àti búlúù dúró síta. Èyí tó mọ́ gaara, tàbí èyí tó funfun díẹ̀ bíi wàrà tó ń tú ìmọ́lẹ̀ ká, ni kí ẹ rà. Mo fẹ́ràn èyí tó ń tú u ká jù: òjìji kì í mú níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á dé ara ewé ìsàlẹ̀, ewé òkè ò sì ní jó.

Olóko Lágere:
Ẹ̀yin àgbà ò fẹ́ kí n sinmi. Ta ló fẹ́ máa tẹ́ nẹ́ẹ̀tì kó tún máa ká a lójoojúmọ́?

Tísà Àgíríìkì:
Okùn àti ọ̀pá àgbá kan ló gbà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fà á.

Bọ́dá Sólà:
Mo pẹ́ dé. Èmi ni mò ń ta sólà àti ínfátà, ó yẹ kínú mi dùn pé Màámi fẹ́ ra iná. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ ná. Mítà 8 ní 15, mítà onígun mẹ́rin 120 ni. LED tó dáa gan-an ń mú nǹkan bíi µmol 2.5 jáde lórí wáàtì kan. Kí ẹ tó lè fi 100 péré kún ìmọ́lẹ̀ orí ewé, wáàtì 40 lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ni, wáàtì 4,800 fún gbogbo ilé. Ẹ tàn án fún wákàtí mẹ́fà lálẹ́, ó ti jẹ kílówáàtì-wákàtí 28 àti díẹ̀. Ilé tó ní fíríìjì, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n ò sún mọ́ ìyẹn lóòjọ́. Ẹ kó bátìrì tó lè gbé e sí i, kí ẹ tó dórí pánẹ́ẹ̀lì. Pinki tó wọ́pọ̀ lọ́jà ò sì ń tó 2.5 yẹn. Tí ẹ bá rà á lọ́wọ́ mi n ó jèrè, ṣùgbọ́n n ò ní lè wo ojú yín tí a bá pàdé ní Ọjà Àtàkúnmọ́sà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀gbìn:
Bọ́dá, ẹ kú òótọ́. Ẹ wá wo ohun tí gbogbo ìnáwó yẹn fi kún un: 100 fún wákàtí mẹ́fà ò ju mol 2 àti díẹ̀ lọ. Ká ní ìta fún wa ní mol 35 lọ́jọ́ ẹ̀ẹ̀rùn tó mọ́. Tí ìdọ̀tí orí ọ̀rá bá gba ìdá kan nínú mẹ́wàá péré, mol 3 àti ààbọ̀ ti lọ. Ọ̀rá tuntun ń jẹ́ kí nǹkan bí ìdá 85 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún wọlé. Èyí tó ti lo ọdún mẹ́ta láìfọ̀, n ò fẹ́ mọ iye tó ń jẹ́ kó wọlé.

Ìyá Ìbejì Iléṣà:
Ṣé pé kànìnkàn àti omi ọṣẹ ń ṣe ju ẹ̀rọ yẹn lọ? Ẹ̀yin ará! Báwo ni wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé èèyàn gun orí rẹ̀?

Olóko Lágere:
Ẹ má gun un, Màámi, ẹ ó já bọ́. Ìyẹn ni mo mọ̀ dáadáa. Àwa so búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ mọ́ ọ̀pá gígùn, a fi tówẹ̀lì àtijọ́ wé e. Ọwọ́ òwúrọ̀ ni, kí oòrùn tó mú, torí omi ọṣẹ tó bá gbẹ sórí ọ̀rá á fi àpá sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi omi lásán wọ́n ọn kó rọ̀. Tí ẹ bá ti fi búrọ́ọ̀ṣì fa eruku gbígbẹ, ọ̀rá á ha, ibi tó bá sì ti ha ni ìdọ̀tí á tún fi ṣe ilé. Omi àkọ́kọ́ tó máa ṣàn bọ̀, pípọ́n ni, eruku ọyẹ́ àti ti ọ̀nà nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ ó rí ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ibi tí omi ti máa ń dúró lórí ọ̀rá. Ìyẹn ni kí ẹ fi ọṣẹ bá jà. Ọṣẹ fífẹ́lẹ́ ni, ẹ má lo ohun tó ń bó àwọ̀. Ẹ fọ inú náà. Inú ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, ibẹ̀ sì ni omi ooru ti ń kó eruku jọ. Ẹ fọ̀ ọ́ nígbà tí òjò bá ń parí lọ, kí ẹ tún fọ̀ ọ́ láàárín ọyẹ́. Tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán tó ṣì ṣú, ó ti gbó nìyẹn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Aládùn Mọ́dákẹ́kẹ́:
Ẹ jọ̀ọ́, kí èmi oníbàárà náà bèèrè. Kéèkì àti yọ́gọ́ọ̀tì ni mò ń ṣe. Sitirọ́bẹ́rì tó ń wá láti òkè ọ̀hún máa ń rọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, nítorí náà inú mi á dùn tí ti Iléṣà bá yọrí. Ṣùgbọ́n pípọ́n ni mò ń rà. Kí ló fà á tí òmíràn fi pọ́n yàtọ̀ níta tó funfun bálau nínú? Ṣé bí mo bá tọ́jú rẹ̀ sílé, á dùn sí i?

Tísà Àgíríìkì:
Àǹtí Aládùn, kò ní dùn sí i. Sitirọ́bẹ́rì ò rí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ń ká ní dúdú kó tó pọ́n nílé. Ní kété tí ọwọ́ bá ti já a, ṣúgà tó wà nínú rẹ̀ ló ní. Ó lè pọ́n díẹ̀ sí i lórí tábìlì, ẹ̀tàn ni. Nítorí náà kí Ìyá Ìbejì máa ká a nígbà tí pupa bá ti dé abẹ́ ewé orí rẹ̀.

Inú funfun, irú igi ló ń pinnu púpọ̀ nínú rẹ̀. Pupa ara ni ìmọ́lẹ̀ lè ràn lọ́wọ́. Èròjà tó ń mú un pọ́n, pelargonidin ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, igi sì máa ń ṣe púpọ̀ rẹ̀ tí búlúù àti UV (ìmọ́lẹ̀ oòrùn kan tí ojú èèyàn ò rí) bá kan èso. Ibi tí ilé ọ̀rá ti ń dá wa lóró nìyí: oògùn tí wọ́n pò mọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀rá kí oòrùn má tètè jẹ ẹ́ ń dá UV dúró síta. Ó dára fún ọ̀rá, ó tún ń dín kòkòrò kù, ṣùgbọ́n èso lè má pọ́n tó ti gbalasa. Mi ò ní kí ẹ bọ́ òrùlé sílẹ̀, òjò wa á fi ebu pa gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ilé ni kí ẹ ká sókè láàárọ̀, kí oòrùn tó fẹ̀gbẹ́ wọlé lè kan èso tààrà. Ẹ já ewé gbígbó tó bo èso, ẹ má já èyí tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ́ ọ̀rá funfun sórí ebè dípò dúdú: á ta ìmọ́lẹ̀ padà sábẹ́ ewé, gbòǹgbò á sì tutù.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Jọ́s:
Àti oyin. Oyin ń fi UV ríran, nínú ọ̀rá tó dá UV dúró ó máa ń ṣìnà. Tí kò bá dé orí òdòdó dáadáa, èso á ká kọ́rọ́kọ́rọ́, ẹ̀gbẹ́ kan á kún, èkejì á sún kì. Tí ẹ ò bá rí oyin, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń kun àwòrán yí àárín òdòdó ká ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀. Àwọn ìbejì á fẹ́ràn rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Iléṣà:
Mo padà wá o. Aládùúgbò wa gbọ́rọ̀, ó ti yí iná náà kọjú sí ojú ọ̀nà. A ti gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó yọrí sórí ilé, àgbagbà náà á kúrò pátápátá tí a bá kórè rẹ̀. A fọ ọ̀rá bí Olóko ṣe wí. Omi pípọ́n tó jáde níbẹ̀, mo pe ọkọ mi kó wá wò ó. Fóònù ka 22,000 ní agogo méjìlá kí a tó fọ̀ ọ́, ó ka 31,000 lọ́jọ́ kejì ní wákàtí kan náà, ojú ọ̀run sì rí bákan náà. Mo ti gé àwọn ìtàkùn, mo fi ọmọ wọn sínú ike láti dúró de oṣù Kẹwàá. Òdòdó ò tíì pọ̀, ẹ má jẹ́ kí n parọ́. Oníná pinki ṣì ń pè mí.

Oṣómàáló:
Ẹ fún un ní nọ́ńbà mi.

Àgbẹ̀ Òṣù:
Ẹ kú ìjíròrò. Òṣù ni mo wà, láàárín Ifẹ̀ àti Iléṣà. Bí oòrùn ọ̀sán ṣe ń ṣe sitirọ́bẹ́rì báyìí, ṣé n ò lè gbìn ín sábẹ́ kòkó mi? Ibòòji wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì tutù. N ò nílò nẹ́ẹ̀tì, n ò nílò ọ̀rá.

Tísà Àgíríìkì:
Ó tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ò dáa. Nẹ́ẹ̀tì dúdú tàbí funfun máa ń dín gbogbo àwọ̀ kù bákan náà. Ewé kòkó ń ṣà wọ́n: ó ń jẹ pupa àti búlúù, ó ń fi far-red sílẹ̀. Ní gbangba, pupa fi díẹ̀ ju far-red lọ. Lábẹ́ kòkó tó ti pàdé lórí, far-red lè tó ìlọ́po mẹ́ta pupa tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣòro ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ìyá Ìbejì náà nìyẹn, tìrẹ á wá jẹ́ látàárọ̀ dalẹ́. Wàá rí ọ̀pá ewé gígùn, o ò ní rí èso. Kókò ló mọ abẹ́ kòkó gbé.

Àgbẹ̀ Òṣù:
Kókò ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, bàbá. Mo ní pápá kékeré kan lẹ́bàá odò, oòrùn òwúrọ̀ ń dé ibẹ̀, igi àgbọn nìkan ló wà níbẹ̀. N ó gbé fóònù lọ wọ̀n ọ́n lọ́la.